Ààlè Ẹnu Ihò

Inú Oyèníkẹ́ ń dùn ṣìnkìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀gá rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ààbò ìjọba, Ọ̀mọ̀wé Fọlábí, máa rán òun nìkan lọ yẹ ewu wò ní àgbàlá tí àwọn iléeṣẹ́ Agége ń da ìdọ̀tí wọn sí. Tí ìjábọ̀ rẹ̀ bá dáa, wọ́n á gbà á síṣẹ́ pátápátá. Tí kò bá dáa, ó di kó padà sílé ní Adó-Èkìtì nìyẹn.

Agbá ásíìdì mẹ́ta ló ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ògiri ọ̀hún sì rèé, wọ́n ti lù ú níhò, àwọn ará àdúgbò ń gba ibẹ̀ já sí ibùdókọ̀. Oyèníkẹ́ kà wọ́n fún wákàtí kan: èèyàn méjìdínlógójì! Bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ o, òyìnbó rẹpẹtẹ, pẹ̀lú àwòrán agbárí. Ta ló wò ó?

"Bàbá, ẹ ò ṣe dí ihò yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti dí i," ni Bàbá Làsísì, ọlọ́dẹ ibẹ̀, fèsì. "Wọ́n á tún lù ú ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, màdáámú."

Ni bàbá bá wá ọwọ̀ gbígbó, àṣùkù àgbàdo, sálúbàtà jíjá kan àti àkísà pupa, ó so wọ́n pọ̀, ó fi wọ́n kọ́ ẹnu ihò.

Lọ́jọ́ kejì, ogójì èèyàn ló dé ibẹ̀, ogójì náà ló ṣẹ́rí padà. Àwọn tí agbárí ò lé, àṣùkù lé wọn! Oyèníkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá kọ ọ́ sínú ìjábọ̀: ẹ kó agbá kúrò kíákíá, ní báyìí ná, ààlè ti dá ogójì padà.

Inú bí Fọlábí. Ó wa mọ́tò dé ẹ̀yìn ògiri, òun àti Oyèníkẹ́.

"Ààlè? Nínú ìjábọ̀ ìjọba? O fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Wò ó, mò ń gba ibẹ̀ kọjá lójú ẹ báyìí."

Ọ̀mọ̀wé gbé ẹsẹ̀. Ó wo sálúbàtà, ó wo ọwọ̀. Ẹsẹ̀ padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Níbo ni géètì wọn wà gan-an?"

Géètì ló ti buwọ́ lu ìjábọ̀ náà, tó ní kí wọ́n kó agbá lọ́jọ́ náà gan-an, kí Oyèníkẹ́ sì wá gba lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la. Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá yọ bírò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ogójì kọ́ mọ́. Ó ti di mọ́kànlélógójì."