Ohùn Abẹ́ Síǹkì

Onídìrí ti di irun oníbàárà rẹ̀ dé ìdajì nígbà tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú báàgì obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ má tíì ṣí i! Mo ní ẹ má tíì ṣí i o!"

Omi hó ṣààà bí ẹni pé odò ya wọ ilé. Nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ gbàmù. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ohùn kan náà wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti gbà fún kádàrá: "Ẹ ti ṣí i."

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Onídìrí. Ó ti lé lógún ọdún tí òun àti ọkùnrin yìí ti jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí. Bí ó bá wúkọ́ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó máa mọ̀ ọ́n. Púlọ́ḿbà ni ọkọ rẹ̀, abẹ́ síǹkì onísíǹkì ló sì ń gbé ayé rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé omi ti gbé e lọ níbì kan.

"Ẹ gbé fóònù yẹn fún mi!" Ó ti na ọwọ́ sí báàgì náà. "Ọkọ mi ni! Níbo ló wà?"

Akọ̀wé ni obìnrin náà, ó máa ń wá ṣe irun bí oṣù bá ti parí. Ó wo Onídìrí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Bí fóònù mi ṣe máa ń dún nìyẹn. Ẹnì kan ló ń pè mí."

"Mo ní ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀!"

"Ọkọ gbogbo wa ni o. Fóònù wo ni kò sí nínú ìlú yìí?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù kú sẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí ìdajì orí rẹ̀ ṣì wà ní títú. Akọ̀wé fa fóònù yọ, ó ní kí Onídìrí wá fojú ara rẹ̀ rí àwọn fídíò tí wọ́n fi ohùn náà sí. Agbábọ́ọ̀lù kan sáré, ó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lọ sí ojú ọ̀run: "Ẹ ti ṣí i." Ológbò kan ń wo ọmọrí ìkòkò tí ẹnì kan fẹ́ gbé: "Ẹ má tíì ṣí i!" Ọ̀gá kan dìde nínú ìpàdé, ó fẹ́ la ẹnu, ojú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ti fà ro: "Mo ní ẹ má tíì ṣí i o!"

Onídìrí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Níbo lòun ti rí i?"

"Àǹtí, ṣé èèyàn máa ń bi ọ̀fìnkìn léèrè pé imú ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ni?"

Onídìrí tẹ ọkọ rẹ̀ láago. Kò gbé e. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó gbé e, ohùn rẹ̀ ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú kòkò. "Mo wà lábẹ́ síǹkì. Kí ló dé?"

"Ṣé ẹ wà láàyè?"

"Mo wà láàyè. Ṣé ó yẹ kí n kú ni?"

"Ẹ tètè máa bọ̀ nílé," ó ní, ó sì pa fóònù. Ó padà sídìí irun, ó tú ẹsẹ̀ kan tó ti dì wọ́ palẹ̀, ó sì tún un dì.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Púlọ́ḿbà wọlé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn, àbíkẹ́yìn tó ń ti ilé lọ sí yunifásítì, ti jókòó sínú pálọ̀ bí adájọ́ méjì. Onídìrí kò kí i. Ó tẹ fóònù, ohùn tí Akọ̀wé fi ránṣẹ́ sí i sì jáde.

Ọkùnrin náà gbé àpò sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà. Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì nìyẹn."

Ó wá ṣàlàyé. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló pè é pé kó bá òun pààrọ̀ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Màmá náà gbé fóònù rẹ̀ ka orí pẹpẹ, ó ń ya fídíò ilé ìdáná náà kí ó lè fi han ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. "Mo ti tú ọrùn páìpù, mi ò tíì so ó padà. Bí mo ṣe yọjú báyìí, ọwọ́ màmá ni mo rí tó ń lọ sí ẹnu ẹ̀rọ. Kí ni mi ò bá ṣe? Mo pariwo."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ. Ṣebí mo ní mo rin."

"Ẹ ní òjò ló pa yín!"

"Ṣé kì í ṣe òkè ni omi náà ti wá ni?"

Àbíkẹ́yìn yí lulẹ̀ lórí àga. Nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin ni! Mo ti ń fi ohùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀ pé bàbá mi ni! Ẹ ò pariwo báyìí nílé rí!" Ó kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ń fi àwọn fídíò náà hàn wọ́n. Àwọn ìyá àgbà méjì wà níbì kan tí yìnyín bo ilẹ̀, tí wọn kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, wọ́n sì ń la ẹnu bá ohùn Púlọ́ḿbà lọ bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Ẹnì kan fẹ́ ṣí ààrò búrẹ́dì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ṣí èsì ìdánwò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti fi ijó sí i, wọ́n á fò sókè lórí "Mo ní", wọ́n á sì rọ jọwọlẹ̀ lórí "Ẹ ti ṣí i." Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àdúrà ni, àwọn Yorùbá máa ń gbà á kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹlòmíì fèsì pé irọ́ ni, orin ogun ni.

"Orin ogun!" Púlọ́ḿbà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Èmi tí mo dùbúlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì màmá onímàmá!"

Inú wọn dùn lọ́jọ́ náà ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àbíkẹ́yìn sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn mìíràn. Ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Aláwàdà ti jáde, ó ní òun ni olóhùn. Ó ní orí ìtàgé lòun ti kọ́kọ́ ṣe é.

Onídìrí dìde. "Olóhun wà láàyè, ẹlòmíì ń jẹ́ olóhùn?"

"Ilé iṣẹ́ rédíò sì ti pè é o, Mọ́mì. Lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá rò pé tòun ni, kó wá sọ̀rọ̀."

Púlọ́ḿbà kò fẹ́ lọ. "Ẹ jẹ́ kó máa mú un lọ. Kí ni mo fẹ́ fi ariwo ṣe?"

"Ariwo ọkọ mi ni!" ìyàwó rẹ̀ ní. "Èmi ni mo fẹ́ ẹ, tòun tariwo." Ó lọ aṣọ rẹ̀, ó lọ ti ọkọ rẹ̀, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé, ọjọ́ tí oníbàárà pọ̀ jù lọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ kò ju ilé ìdáná lọ. Fóòmù gbágungbàgun tó ń gba ariwo mọ́ra bo ògiri, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ bí ẹni pé òkú ẹja ni wọ́n fẹ́ kó síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn dúró lẹ́yìn gíláàsì. Atọ́kùn ètò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí gbogbo wọn, iná pupa tàn, ó sì ní kí Aláwàdà bẹ̀rẹ̀.

Aláwàdà ṣe é. Ó ṣe é débi pé ó fi ẹnu rẹ̀ ṣe ìró omi, ó fi ọwọ́ lu tábìlì níbi tí nǹkan ti bọ́, ó sì wí "Ẹ ti ṣí i" pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó wọni lára. Atọ́kùn pàtẹ́wọ́. Onídìrí fi ojú burúkú wo àwọn méjèèjì.

"Bàbá, ó kàn yín."

Púlọ́ḿbà wúkọ́. Ó gbé ẹnu súnmọ́ ẹ̀rọ. "Ẹ má tíì ṣí i," ó ní, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀, bàbá."

Ó tún gbìyànjú. Ohùn náà ya sí méjì. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá sọ òtítọ́ tó wà nínú rẹ̀: "Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí nǹkan kan níbí. Báwo ni mo ṣe máa pariwo?"

Atọ́kùn rẹ́rìn-ín ọmọlúàbí. Ó ń múra láti fi ọ̀rọ̀ dídùn dá wọn padà sílé nígbà tí ẹni tó ń bójú tó fóònù kan gíláàsì pó-pó-pó, tó sì na ìka kan sókè. Ẹnì kan wà lórí ìlà.

"Ẹ káàsán o," ohùn ìyá àgbà kan wí. "Ilé ìdáná mi ni ìró yẹn ti jáde. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ya sí méjì yẹn, òun gan-an ni."

"Màmá Nọ́ọ̀sì!" Púlọ́ḿbà kígbe, inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lójà.

Màmá rọra sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Òun fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ọmọ òun. Ọmọ òun gé ìrù rẹ̀, ó fi han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ohùn náà lé orí fídíò bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sókè. "Láti ibẹ̀, mi ò mọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì mọ́. Àmọ́ ìrù nìkan lẹ ń gbọ́. Odidi ẹran náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ dúró."

Nǹkan dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìró sípánà lára páìpù, àti ohùn Màmá tó ń béèrè pé kí ló ń lé púlọ́ḿbà tí kò fi sinmi. Ohùn Púlọ́ḿbà sì dáhùn láti abẹ́ síǹkì, ó ń mí hẹlẹ:

"Mo fẹ́ tètè délé ni, màmá. Ìyàwó mi máa ń dìrí, àárọ̀ dalẹ́ lórí ìdúró. Tó bá fi máa dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Mo máa ń gbé omi kaná dè é, kó lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó rò pé ọmọ wa ni."

"Ẹ ò ṣe sọ fún un?"

"Tí mo bá sọ, á ní kí n máa fọ abọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn báyìí, tó mí kanlẹ̀, màmá, gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà á kúrò lára mi."

"Áà, ọmọ mi," Màmá ní. "Ọlọ́run á dá yín sí fún ara yín. Ẹ jẹ́ n bu omi fún yín mu."

"Ẹ ṣé, mà. Háà! Ẹ má tíì ṣí i! Mo ní ẹ má tíì ṣí i o!"

Fídíò náà parí síbẹ̀. Aláwàdà ló kọ́kọ́ yọ ohun tó wà létí rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Mo gbọ́ ọ, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ń ṣe é káàkiri títí mo fi gbà pé èmi ni mo ni ín." Onídìrí ti kó èébú jọ fún ọkùnrin yìí láti ilé, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, ọkùnrin náà sì ń wo ilẹ̀ bí ọ̀dọ́langba.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ lọ sí gíláàsì. Àbíkẹ́yìn ń rọra fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi ilẹ̀kùn.

Onídìrí gbàgbé rédíò, ó gbàgbé iná pupa, ó gbàgbé gbogbo ìlú tó ń gbọ́ ọ. "Ìwọ ọmọ yìí! Láti ìgbà wo ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ? O sì ń dáhùn! O ń ní kò tọ́pẹ́!"

Atọ́kùn fi orí lé tábìlì. Ìpolówó ọṣẹ tó yẹ kó kà, kò lè kà á; ó ń ka ìlà kan, ẹ̀rín á gbé e lọ. Aláwàdà ló gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá a kà á parí.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, wọ́n jókòó pọ̀ sórí àga ẹ̀yìn. Àbíkẹ́yìn ti tọrọ àforíjì títí, ó ti ṣèlérí pé abọ́ oṣù kan gbáko wà lọ́rùn òun. Bọ́ọ̀sì kò tíì rìn jìnnà tí fóònù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó wò ó, ó pariwo, àwọn èrò bojú wẹ̀yìn.

"Mọ́mì! Wọ́n ti gé yín!"

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ń fún òṣìṣẹ́ kan ní àmì ẹ̀yẹ, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an sì dúró sí igun pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ohùn Onídìrí sì ń bú jáde lórí wọn: "Láti ìgbà wo ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?" Òmíràn tẹ̀ lé e, pépẹ́yẹ kan ló jókòó lórí ẹyin adìyẹ. Òmíràn tún wọlé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èdè kan tí kò sẹ́ni tó lè kà á nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Èmi?" Onídìrí ní. "Èmi ni wọ́n ń ṣe báyìí?" Ojú rẹ̀ ń tàn, bí ó tilẹ̀ ń gbìyànjú láti fà á ro.

Púlọ́ḿbà yọ fóònù tirẹ̀ jáde nínú àpò, ó ní kí ọmọ náà fi èyí tó ní pépẹ́yẹ ránṣẹ́ sí òun. Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó fi ìka kan ṣoṣo wá gúrúùpù àwọn púlọ́ḿbà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò tíì gbé fóònù sórí itan tí èsì fi ń wọlé tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé.

"Kí ni wọ́n wí?" ìyàwó rẹ̀ béèrè, ó ti na ọrùn sí i.

"Wọ́n ní kí n kí ẹ."

"Ẹ gbé e wá," ó ní, ó gba fóònù náà, ó tẹ pépẹ́yẹ padà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè kí obìnrin tó wà níwájú wọn lè gbọ́ ọ dáadáa.