Orúkọ Kòkòrò Tó Pa Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún mẹ́fà ni kòkòrò tó pa ẹ̀gbọ́n mi fi wà nínú fìrísà ilé àyẹ̀wò wa láìlórúkọ. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i, ṣùgbọ́n a ti sin ẹ̀gbọ́n mi kí ẹnikẹ́ni tó dá kòkòrò náà mọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, kòkòrò náà ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi.

"Ọkọ mi kékeré, ṣé ẹ̀rọ yìí ò ti gbọ́n jù yín lọ báyìí?"

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí orúkọ fi jáde. Mo ṣí ìwé oògùn. Abẹ́rẹ́ tó ń pa á ni èyí tí dókítà fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀, torí ó lè sọ ọ́ di adití.

"Abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́?" Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí. "Gbogbo ìgbà ni ọkọ mi ń bi mí lójú oorun."

"Kò lè ràn án lọ́wọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Tó bá tún wá, màá fi hàn án."

N kò kọ èsì irọ́ rí. Mo mú bírò, mo kọ ọ́, mo sì fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá.