Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ìlà tó gbẹ̀yìn ni Fọláhàn ti bẹ̀rẹ̀, ó ń kà á lọ sókè, bírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn ní ilé ìtẹ̀wé tó wà ní Fọlá Agoro: ẹni tó bá ń wá àṣìṣe inú ìwé kì í kà á láti òkè, torí ọ̀rọ̀ á gbé e lọ, ojú rẹ̀ á sì fo ohun tó ń wá. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti ka ìwé àdúrà, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, àti ìwé ìléwọ́ àwọn olóṣèlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún, kò sì rántí ohun tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sọ.

Ìwé pélébé kan ló wà níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yìí, nípa àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sabina ló gbé e wá láti ilé ìwòsàn, ó sì jókòó tì í, ó ń dúró dè é.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọkàn Fọláhàn ò sí nínú ìwé yẹn. Ilé rẹ̀ ní Abúlé Òkúta ló wà, lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti ń sùn láti ọjọ́ tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ń yọ̀. Mojíbọ́lá ń pọn omi gòkè, ó sì gbé korobá kan ṣoṣo kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí àtẹ̀gùn. Fọláhàn wò ó níṣojú Folúkẹ́, àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ìyá Wúrà, ìmẹ́lẹ́ yìí ti fẹ́ di iṣẹ́ o." Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín. Mojíbọ́lá gbé korobá náà, ó ń gòkè lọ. Nígbà tó di alẹ́, ó kó ìrọ̀rí méjì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ jókòó sórí àga, kò sì padà wá mọ́.

Láràárọ̀, tí Fọláhàn bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà lọ síbi iṣẹ́, á kà á sínú: ọjọ́ kan, ọjọ́ méje, ọjọ́ méjìlá. Àgbà ọkùnrin tó ń bá àga ṣọ̀tá. Ó ti búra pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ ò sí láàárín wọn, Wúràolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, sì wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tí yóò bá wọn parí ẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, Fọláhàn á sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, á sì fa ilẹ̀kùn dé.

"Àṣìṣe méje," ó sọ fún Sabina, ó na ìwé náà sí i.

Sabina ò gbà á. "Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe dókítà, ṣé ó yé yín? Torí irú yín la ṣe kọ ọ́."

Fọláhàn la ẹnu láti dáhùn, ó wá rí i pé òun ò mọ ohun tí ìwé náà sọ. Ojú tì í díẹ̀. Ó fà á padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè bí àwọn èèyàn yòókù.

*Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń dà á láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára rẹ̀ á dín kù, omi á sì máa dúró sínú ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Tí aláìsàn bá ń gun àtẹ̀gùn, á máa sinmi lójú ọ̀nà. Tó bá dùbúlẹ̀, á dà bíi pé ó ń rì sínú omi. Nítorí náà, ìjókòó ni yóò máa sùn.*

Ó tún un kà.

"Ẹni tó bá ń sùn ní ìjókòó," ó ní, "ṣé kò lè jẹ́ pé ó kàn ń bínú ni?"

Sabina wò ó dáadáa. "Ta ló ń sùn ní ìjókòó, sà?"

Fọláhàn fi bírò pupa náà sílẹ̀, ó dìde.

"Ẹ lọ gbé e wá lónìí," nọ́ọ̀sì náà ní. "Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

Ọ̀kadà ló gùn délé. Mojíbọ́lá wà lórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí àpótí, orí lára fèrèsé. Fọláhàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ti Fọláhàn ò tiẹ̀ jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

"Ìyá Wúrà, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó mí, ó tún mí, kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ ní ìmẹ́lẹ́ ni." Ó sinmi. "Mo wá rò pé bóyá òun náà ni."

"Kì í ṣe pé ò ń bá mi bínú?"

"Èémí wo ni mo fẹ́ fi bínú, Bàbá Wúrà?"

Fọláhàn pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí korobá ti jókòó lọ́jọ́sí. Òun náà sinmi lẹ́ẹ̀kan kó tó délẹ̀. Japhet tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ.

Dókítà tó gbà wọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, gbọ́ àyà Mojíbọ́lá, ó gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní omi ti pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ì bá sàn ká ní wọ́n ti tètè gbé e wá, àmọ́ àwọn á gbìyànjú. Wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n tì í wọ yàrá kan tí wọn ò jẹ́ kí Fọláhàn bá a wọ̀. Dókítà ṣí fáìlì.

"Ó tó ìgbà wo tó ti ń sùn ní ìjókòó? Ẹ kàn fojú díwọ̀n ẹ̀ ni, sà. Àwọn ọkọ kì í sábà mọ̀."

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún," Fọláhàn ní.

Dókítà gbójú sókè. "Ó dá yín lójú?"

"Mò ń kà á ni."

"Ẹ ṣeun gan-an, sà," dókítà sọ bẹ́ẹ̀ tinútinú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ká ní gbogbo ọkọ ló ń ṣọ́ ìyàwó wọn báyìí ni."

Ó fi fáìlì náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sáré wọlé lọ bá aláìsàn rẹ̀. Fọláhàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó kọ láti ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá àṣìṣe níbẹ̀ títí, kò rí ọ̀kan.