Èjìká Gẹrígẹrí

Kílípà bọ́ lọ́wọ́ gẹrígẹrí, ó sì gé oníbàárà rẹ̀ létí kó tó balẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sórí àga náà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí kò ti jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí òun. Ó fọwọ́ kan etí, ó wo ìka rẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ló dun gẹrígẹrí jù. Ká ní bàbá náà bú u ni, ara ìbá tù ú.

Ó rẹ òwú sínú sípírítì, ó fi nu ojú ibẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní ìpara ló wà lọ́wọ́ òun tí kílípà fi yọ̀ bọ́. Irọ́ ni. Kò sí ìpara kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ló ṣàdédé ta á bíi pé wọ́n ki irin gbígbóná bọ̀ ọ́, tí àwọn ìka rẹ̀ sì ṣí fúnra wọn.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ìrora náà ti wọlé sí i lára. Níbẹ̀rẹ̀, àárọ̀ nìkan ló máa ń ro ó. Nígbà tó yá, kò lè na ọwọ́ mú ife lórí pẹpẹ mọ́, kò lè fọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ bó bá ń wẹ̀, bó bá sì fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣe ló máa ń rọra ki apá ọ̀tún bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ ọwọ́. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti ń fi abẹ fá irun, kò ṣèèṣì gé ẹnikẹ́ni rí. Oríkì ńlá ni. Ẹni tí ayé bá sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé pé ọwọ́ ti ń gbọ̀n?

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá, tó jẹ́ tísà, tó máa ń rí àṣìṣe lẹ́nu ọmọ ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìtajà oògùn tó wà ní ìkángun òpópónà ló ti ń ra oògùn ìrora, inú àpótí abẹ ló sì ń kó o pamọ́ sí. Hóró méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án; nígbà tó pẹ́, ó di mẹ́ta-mẹ́ta. Inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni tó gbé ata mì.

Lọ́jọ́ tí kílípà bọ́ yìí, aago méjì kò tíì lù tó fi ti ṣọ́ọ̀bù tó sì gba ilé lọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló bá nílé. Ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá ti lò lọ́dọ̀ wọn. Òtútù ló mú un ní ilé tirẹ̀, tí imú ń dà, tí ikọ́ ò jẹ́ kó sùn, tí ọmọ rẹ̀ fi lọ gbé e wá. Búrẹ́dì ni Màmá fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kó tó sinmi. Apá rẹ̀ ṣì le koko, àmọ́ ìdúró iṣẹ́ náà ti mú kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì máa ro ó. Láàárín òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀: ẹ káàárọ̀, ẹ kú ilé, ó dàárọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Kálukú wọn kàn ń bọ̀wọ̀ fún èkejì débi pé wọn ò rí nǹkan kan bá ara wọn sọ.

Inú yàrá ìdáná ló ti bá a. Màmá fi aṣọ ìnura borí mọ́ abọ́ omi gbígbóná, ó ń fa oru rẹ̀ símú. Nígbà tó kí i, Màmá yọjú, gbogbo ojú rẹ̀ tutù fún òógùn, ó ní ó mà tètè dé lónìí. Gẹrígẹrí ní iṣẹ́ ò pọ̀. Màmá ní kó jọ̀ọ́ bá òun gbé ìgò oyin tó wà lórí pẹpẹ, òun fẹ́ bù ú sínú omi atalẹ̀ tí òun sè. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Ó fi ìgò há abíyá, ó fi òsì náà ṣí ìdérí rẹ̀.

Màmá ń wò ó. Ó da omi atalẹ̀ sínú ife méjì, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bu oyin lé e, ó sì ti ife kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Òtútù ò mú mi o, Màmá.”

“Mo mọ̀. Mu ún. Bó o bá mu ún tán, sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún mi.”

Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.

“Ọkọ ọmọ mi,” Màmá ní, “ọgbọ̀n ọdún ni mo fi po ìyẹ̀fun. Bí èjìká bá ń dun èèyàn, mi ò ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Lọ́jọ́ tí mo dé, ọwọ́ òsì lo fi gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ní kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí tó fi ń rí mi fín báyìí? Ọjọ́ kejì ni mo tó rí i pé òun náà lo fi ń jẹun.”

Ẹ̀rín pa gẹrígẹrí láìròtẹ́lẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìrora, ó sọ ti oògùn inú àpótí abẹ, ó sọ ti etí ọ̀gá ilé ìwé. Bó ti ń sọ ọ́ ni Màmá ń yan iyọ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ. Nígbà tí iyọ̀ gbóná tán, ó dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ kan tó nípọn, ó so ẹnu rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé e lé apá ara rẹ̀ láti dán an wò kó má baà jó èèyàn, kó tó wá rọra gbé e lé èjìká ọkọ ọmọ rẹ̀ lórí aṣọ.

Ooru náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí ìrora yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà kò mí mímí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó di ojú, ó ní ṣé èyí yóò wò ó sàn.

“Rárá,” Màmá ní. “Yóò jẹ́ kó o mí ni. Ọdún méjìlá rèé tí orúnkún mi ti mọ iyọ̀ yìí, ìrora rẹ̀ ò sì tíì kúrò lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ dókítà ti yẹ tèmi wò, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Tìrẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n pè é?”

Gẹrígẹrí ti ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí ti ẹ̀gbọ́n òun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n náà. Apá ló ń ro ó, wọ́n ń pè é ní wàhálà iṣẹ́. Òun fúnra òun ló gbé e lọ sílé ìwòsàn, òun ló dúró tì í nígbà tí wọ́n sọ pé nǹkan burúkú ti wọ inú egungun. Ọdún yẹn ò parí tí ẹ̀gbọ́n fi kú. Látìgbà náà, bó bá fẹ́ kọjá níwájú ilé ìwòsàn, ó máa ń yà gba ọ̀nà míì.

“Bí n kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn,” ó ní, “wọn ò ní rí nǹkan kan sọ fún mi.”

Màmá húkọ́, ó nu imú, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Atalẹ̀ mọ bá a ṣe ń tu ọ̀fun lára. Iyọ̀ mọ bá a ṣe ń rọ iṣan. Èwo nínú wọn ló ní ojú tó lè fi wo inú egungun? Ọmọ mi, ohun tó ò fẹ́ gbọ́ yẹn, ojoojúmọ́ lò ń gbọ́ ọ. Ìwọ lò ń sọ ọ́ fún ara rẹ.”

Màmá ní bí ìyàwó rẹ̀ bá dé, kí gẹrígẹrí fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Òun ò ní gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìyàwó dé, ó gbọ́, kò pariwo. Ó kàn béèrè pé hóró mélòó ló ń lò lójúmọ́. Nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun níbi iṣẹ́, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ láàárọ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Màmá ní kò sẹ́ni tí yóò fi òun sílé, ó fi ìborùn bo imú, ó tẹ̀ lé wọn. Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó gbé apá gẹrígẹrí sókè, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán egungun. Ìdúró tí wọ́n dúró de àwòrán yẹn gùn lójú rẹ̀ ju oṣù mẹ́rin lọ. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú lórí bẹ́ǹṣì. Màmá sùn, ó ń hanrun débi pé àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ ń fi ìgúnpá gún ara wọn.

Nígbà tí wọ́n pè wọ́n wọlé, dókítà gbé àwòrán náà síwájú iná. “Egungun yín mọ́ tónítóní,” ó ní. “Awọ tó yí oríkèé èjìká yín ká ló ti gan. Ó máa ń pẹ́ kó tó tú, ó lè lé lọ́dún kan, ṣùgbọ́n ó máa ń tú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

Dókítà tún un sọ. Ó wá fi ìka rẹ̀ gun ara ògiri sókè bí eèrà láti fi bí yóò ṣe máa na apá náà hàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó ní kó dáwọ́ oògùn ìrora tó ń lò jù yẹn dúró, torí ó ti ń ha inú rẹ̀, ó sì kọ òmíràn fún un. Màmá béèrè ti iyọ̀ gbígbóná. Dókítà ní ó dára púpọ̀ ṣáájú nínà apá, bí kò bá ti jó awọ ara. Màmá yíjú wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ó wò ó dáadáa, bóyá ó gbọ́.

Lọ́nà tó jáde ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa gẹrígẹrí, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tó fi ní láti fara ti ògiri. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ dúró, ó ní ṣé ìyàwó rẹ̀ bímọ ni. Ó ní rárá, èjìká òun ló gan. Obìnrin náà wò ó, ó sì ń nu ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì, ó lọ sílé ọ̀gá ilé ìwé, ó jẹ́wọ́ pé kò sí ìpara lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ náà, pé èjìká òun ni. Bàbá náà ní òun mọ̀. Ó ní oṣù méjì ni òun ti ń tẹ orí wálẹ̀ lórí àga kí gẹrígẹrí má baà na ọwọ́ jù.

Òtútù Màmá lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, ṣùgbọ́n kò lọ sílé. Ó ní orúnkún òun ò tíì fẹ́ wọ ọkọ̀. Àràárọ̀ ló ń yan iyọ̀, wọ́n á pín in sí ìbọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan fún orúnkún, ọ̀kan fún èjìká, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni gẹrígẹrí á gun ògiri, tí Màmá á máa ka ìgbésẹ̀ ìka rẹ̀, tó sì máa ń fo nọ́ńbà nígbà míì kó lè tètè pé iye.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá máa lọ, lẹ́yìn oṣù kan ó lé, ó ṣí gèlè, ó ní irun òun ti wúwo lórí òun, kó bá òun gé e mọ́lẹ̀. Gẹrígẹrí ní ọwọ́ òun ò tíì padà tán o, yóò máa sinmi lójú ọ̀nà. Màmá ní òun ò níbi tí òun ń sáré lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, gẹrígẹrí gbé àga sẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó kí apá òun má baà ga jù, ó sì tan kílípà.

Irun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró. Nígbà kẹta, ó pa kílípà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé èjìká Màmá, ó sì ní, “Ó ń ro mí díẹ̀.”

“Fi síbẹ̀,” Màmá ní, “títí yóò fi rọlẹ̀.”