Ẹsẹ̀ Jímọ̀, Ẹsẹ̀ Adìẹ

Kò sí kẹ̀kẹ́ kan ní Ìgbẹ́tì tí n kò mọ ohùn rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Kíṣì, tí èmi wà lórí ẹní tí mo ń sùn, mo lè sọ fún yín pé súpóòkù mẹ́ta ló ti yẹ̀ nínú táyà ẹ̀yìn rẹ̀, àti pé ẹni tó gùn ún jẹ ẹ̀wà láàárọ̀. Ìyápọ̀ lorúkọ mi. Èmi ni mò ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi tó kọjú sọ́jà. N kò wọ ilé ìwé rí àfi ọjọ́ tí mo lọ lẹ táyà tísà, síbẹ̀ tísà fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó dáa, kò dọ̀bálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iwájú mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Jímọ̀ ni mo fẹ́ sọ, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é. Ọdún kejì lẹ́yìn tíjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Nígbà yẹn, lọ́jọ́ kejì Ìtúnu Ààwẹ̀ àti lọ́jọ́ kejì Iléyá, gbogbo ọ̀dọ́ tó ní kẹ̀kẹ́ á ti í gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta mábù, wọ́n á wá sáré sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ títí dé ìdí ọjà. Ọ̀nà náà pupa, ó rí gbágungbàgun, òkúta ń yí lábẹ́ táyà bí ẹ̀kùrọ́. Ó ga débi pé bẹ́ ẹ bá ju fìlà sílẹ̀ lókè lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ló ń balẹ̀.

Jímọ̀, ọmọ Àwáwù aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ló máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìtúnu ọdún yẹn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Jímọ̀ dé kọ́nà tí igi máńgòrò wà, ó fún bíréèkì, bíréèkì kò dá a lóhùn. Kẹ̀kẹ́ gba ibì kan lọ, Jímọ̀ gba ibòmíràn. Nígbà tá a fi débẹ̀, ojúgun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo gbé e pọ̀n, mo sáré láti ibẹ̀ dé ilé Ìyá Mọ́ládé láìmí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ní ọmọlanke ni wọ́n fi gbé e, pé ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke ni mo wà tí mò ń sunkún. Ẹnu wọn ni.

Gbogbo ìlú wá bi mí pé ṣebí èmi ni mo tún bíréèkì yẹn ṣe. Mo ní èmi ni. Mo ní ilẹ̀ ló tutù. Mo tún ní bóyá ọmọ náà kò tètè fún un. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn síbẹ̀ ná.

Ìyá Mọ́ládé ni arúgbó tó ń to eegun ní àdúgbò wa. Bó bá ti to eegun èèyàn tán, tó fi igi pẹlẹbẹ àti ọ̀já dè é, á mú adìẹ kan, á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ náà níbi kan náà, á fi oògùn kan náà dè é. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn láìtiro, ọjọ́ náà laláìsàn jinná. Adìẹ tó ṣẹ́ fún Jímọ̀ pupa, ó ní ìyẹ́ funfun kan nídìí. Àwáwù gbé ọmọ, ó gbé adìẹ, ó kó wọn lọ sílé, ó sì búra lójú gbogbo wa:

"Títí adìẹ yìí á fi rìn gaara níwájú mi, ẹsẹ̀ Jímọ̀ kò gbọdọ̀ kan kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tó bá rìn, kó máa gùn ún lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ ni màá fi gé etí rẹ̀." Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, adìẹ ń tiro. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ń tiro. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, adìẹ ti yé ẹyin méje; ó ń tiro lọ yé e, ó ń tiro bọ̀. Cornelius ọmọ tísà, tó ṣe ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ tí Jímọ̀ ṣubú, á gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú mi lójoojúmọ́, á tẹ aago rẹ̀ gbanran-gbanran.

"Bọ̀ọ̀dá Ìyápọ̀, ẹ bá mi kí adìẹ o!"

Ó wọ̀ mí lára. Mo lọ bá Jímọ̀ lẹ́yìnkùlé wọn. Ó jókòó ti àgò adìẹ, ó ń ju àgbàdo sí i.

"Ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí mọ́, Bọ̀ọ̀dá. Adìẹ ló kù."

"Fi adìẹ sílẹ̀ fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?"

"Ṣé o ti gbọ́ rí pé nǹkan tiro tó dé ọ̀dọ̀ Ìyápọ̀ tí kò rìn?"

Mo rin abà mẹ́tàdínlógún. Ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́ta. Ní ìkẹta, mo rí adìẹ pupa kan tó ní ìyẹ́ funfun nídìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le bí irin. Mo rà á, mo fi ọ̀já dì í lẹ́sẹ̀ òsì bíi ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí Àwáwù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde, tí Jímọ̀ ń sun oorun ọ̀sán, mo fo ògiri, mo pààrọ̀ wọn. Mo gbé èyí tó ń tiro sínú apẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo lọ bá Àwáwù.

"Ìyá Jímọ̀, mo rí adìẹ yín lónìí. Ó ń rìn bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ẹ ránṣẹ́ sí Ìyá Mọ́ládé kó wá wò ó láàárọ̀ ọ̀la."

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo agboolé dúró yí ká. Ìyá Mọ́ládé jókòó sórí àpótí. Jímọ̀ ṣí àgò. Adìẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì.

Ó tiro.

Adìẹ tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀! N kò mọ̀gbà tí mo pariwo: "Irọ́ ni!"

Àwáwù yíjú sí mi. "Kí nirọ́?"

"Mo ní... mo ní ó mà ṣe o."

Ibi tí a wà nìyẹn tí adìẹ tiro dé ìdí odó, ó fò gùn ún, ó na ọrùn, ó gbọn apá, ó sì kọ. Kòkòròkóò! Ohùn rẹ̀ há bíi ti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Àwáwù ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Adìẹ tó yé ẹyin méje fún mi ló kọ bí àkùkọ! Nínú ilé mi! Ẹ gbà mí o, ta ni mo ṣẹ̀?"

Àwọn kan ti ń sún sẹ́yìn. Ìyá kan ti ń wá ọ̀bẹ. Ìyá Mọ́ládé nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi wúkọ́. Ó na ọwọ́ mú adìẹ náà, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó wo orí rẹ̀.

"Àwáwù, dákẹ́ ariwo. Akọ ni. Ogbe orí rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ."

Ó tú ọ̀já ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ le koránkorán. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀, òwú dúdú tí wọ́n fi ń ránṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ ọn.

"Ta ló gbé akọ wá síbí?" Èmi ń wo ojú ọ̀run.

"Ta ló so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀?" Jímọ̀ ń wolẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń wo òkè, ọ̀kan ń wolẹ̀. Ìyápọ̀, lọ gbé adìẹ mi wá."

Mo gbé e wá. Wọ́n tú ọ̀já, òkúta mìíràn tún wà níbẹ̀, òwú kan náà. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́, adìẹ sáré gba àárín ẹsẹ̀ gbogbo wa kọjá, ó fo ògiri lọ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

"Láti ìgbà wo ló ti jinná?" Ìyá Mọ́ládé bi Jímọ̀.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ìyá. Mo rí i lánàá pé òkúta ti bọ́, ni mo ṣe so òmíràn. N kò mọ̀ pé adìẹ mìíràn ni."

"Ìwọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tìẹ?"

Jímọ̀ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Arúgbó náà fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀ lókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó ní kó fò. Ó fò.

Mo ti ń dáàbò bo etí mi, ṣùgbọ́n Àwáwù kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Mo ti búra pé bí adìẹ bá rìn, kó o máa gùn ún lọ. Adìẹ ti rìn. Ó wá kù sọ́wọ́ ẹ." Ó wọlé, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kíá-kíá-kíá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Jímọ̀ wá bá mi, ó jókòó sórí táyà àlòkù.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fún bíréèkì yẹn o. Ẹ̀ ń sọ kiri pé n kò tètè fún un. Mo fún un títí. Bí mo bá dijú báyìí, mò ń rí i pé mò ń fún un, ọwọ́ mi kò sì lágbára. Bí ọwọ́ mi bá tún kọ̀ lọ́jọ́ Iléyá ńkọ́?"

Mo dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìdákẹ́ mi ṣọ̀wọ́n ju òjò inú ọyẹ́ lọ.

"Jímọ̀, rọ́bà bíréèkì tán lọ́wọ́ mi nígbà Ìtúnu. Sílípáàsì mi àtijọ́ ni mo gé síbẹ̀. Ilẹ̀ tutù, ó sì yọ̀."

"Sílípáàsì?"

"Tẹsẹ̀ ọ̀tún."

Ó gbé pọ́ǹpù mi nílẹ̀. Mo ti ń kí ayé pé ó dìgbóṣe. Ó tún gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ ẹ."

"Láti Ìtúnu, Bọ̀ọ̀dá! Láti Ìtúnu ni mo ti rò pé ọwọ́ mi ni!"

Kò lù mí. Ì bá lù mí ni, ì bá sàn. Ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó dìde. "Ẹ lọ wá rọ́bà gidi. Bẹ́ ẹ bá fi sí i tán, ẹ̀yin lẹ máa jókòó sórí kárià lẹ́yìn mi, a jọ máa sọ̀ ọ́."

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣebí ẹ ní ẹ̀ ń sọ̀ ọ́ láìdi ańdù kẹ̀kẹ́ mú? Ẹ ní ẹ sùn lọ lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan, ìdí ọjà lẹ ti jí."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún èèyàn tó tó igba. Ẹ súnmọ́ mi dáadáa kí n sọ ọ̀kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: n kò gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ níbẹ̀ rí láyé mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń sọ̀ ọ́, màá sì máa di koríko mú.

Mo lọ sí Ṣakí, mo ra rọ́bà gidi, mo dì í, mo tú u, mo tún un dì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìyẹn kì í ṣe àsọdùn. Lọ́jọ́ tá a dókè, Jímọ̀ kò tètè gun kẹ̀kẹ́. Èmi náà kò tètè gùn ún, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ló fa tèmi. Mo jókòó sórí kárià, mo dì í mú níkùn. Ó ní kí n má pa òun kí kẹ̀kẹ́ tó pa wá. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

N kò lè sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Mò ń kọrin ni. Àwọn tó wà lóko ìsàlẹ̀ ní igbe làwọn gbọ́, pé àwọn tiẹ̀ gbọ́ orúkọ ìyá mi. Ṣé orúkọ ìyá ẹni kò lè wà nínú orin ni? Mo kàn mọ̀ pé a dé kọ́nà máńgòrò, mo gbọ́ tí Jímọ̀ fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ké fín-ín, ó sì dúró. Ìdí igi máńgòrò gan-an ló dúró sí.

 Jímọ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọwọ́ òun méjèèjì lòun ń wò.

"Bọ̀ọ̀dá."

"Hùn."

"Ẹ ti lè lajú."

Mo lajú. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ó ní. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí Iléyá tó dé.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, mo dúró sí kọ́nà yẹn. Àwáwù dúró tì mí, ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ dání. Ó ní òun gbàgbé láti fi í sílé ni. Cornelius ló kọ́kọ́ yọ nínú eruku. Jímọ̀ wà nídìí rẹ̀. Mo ń wo ìka Jímọ̀. Ó fún bíréèkì, ó tú u, bí ẹni tó bọ èèyàn lọ́wọ́ lórí ìrìn, ó sì ti kọjá igi máńgòrò lọ. Àwáwù fò mọ́ mi. Ó gbàgbé pé nǹkan wà lọ́wọ́ òun. Ojú àpá rẹ̀ rèé.

Àwọn tó kàwé ní Cornelius fi táyà iwájú nìkan ṣáájú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Cornelius dúró nídìí ọjà, eruku bo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Jímọ̀, adìẹ ńkọ́?"

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé Ìtúnu ń bọ̀."

Bẹ́ ẹ bá rò pé ìlú wá ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi rò. Àwáwù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ wá, mo tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, mo ní kó máa gbé e lọ. Ó ní ó dìgbà tí mo bá gun kárià rẹ̀ sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ lójú òun. Ní báyìí kò sẹ́ni tó ń gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan tísà. Mo ti sọ̀ níbẹ̀ tó ìgbà igba. Ojú mi là nínú méjì.