Ìjókòó Mthandeni ní Òkè Sani

Kí Bhekuyise tó tan ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti gbé ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún kan lé ìjókòó iwájú, ó sì fi bẹ́líìtì dè é. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló gé e lẹ́yìn ilé kí ìrì tó gbẹ.

Àbúrò bàbá náà ti kìlọ̀ fún un: "Tí o bá ti pe àbúrò rẹ níbi tó kú sí, tí ẹ̀mí rẹ̀ wọ inú ẹ̀ka yìí, òun nìkan ni kí o máa bá sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi wọlé. Bí o bá bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí. Ẹ̀ka mìíràn la ó gé, ọjọ́ mìíràn ni wàá padà lọ."

Oṣù méjì ti kọjá tí wọ́n ti sin Mthandeni. Ọ̀fìnkìn lásán ló dá Bhekuyise dúró sílé lọ́jọ́ tí Mthandeni kú, tí àbúrò rẹ̀ fi wa ọkọ̀ gun òkè Sani dípò rẹ̀. Ọkọ̀ yọ̀ ní kọ́nà kan. Ṣùgbọ́n MaShezi, ìyá wọn, kò gbà pé ẹ̀mí ọmọ òun ti wálé. Lójú àlá, ọmọ náà ń sọ fún un pé òtútù ń mú òun.

Bhekuyise kò rí ìsinmi gbà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà òun àti àwọn àlejò tó ń wo òkè ni wọ́n jọ ń lọ: obìnrin méjì, àti bàbá arúgbó kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Hlengiwe, ọmọbìnrin tó ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò, ló máa sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa lè panu mọ́ ṣá?" ni Hlengiwe wí. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ẹ́ńjìnnì jà."

"Ara rẹ ni kó o rò. Irọ́ tó o bá pa fún àlejò lónìí, kò sẹ́ni tó máa bá ọ tún un ṣe."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fẹ́ jókòó síwájú kó lè rí òkè dáadáa.

"Ẹ má bínú, mà, wọ́n ti gba ibẹ̀," ni Hlengiwe sọ.

"Ta ló gbà á?"

"Ẹnì kan tí a máa gbé nígbà tí a bá ń bọ̀."

Lórí òkè, wọ́n mu tíì. Ọlọ́pàá ẹnubodè ní yìnyín ń bọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ọ̀nà pa lọ́la. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ̀ kalẹ̀, ojú ọ̀run ti rẹlẹ̀ bí ìdérí ìkòkò.

Ní kọ́nà náà, Bhekuyise dúró. Àwọn àlejò bọ́ sílẹ̀ láti ya àwòrán. Ó mú ẹ̀ka, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta.

"Mthandeni, èmi ni. Ó tó gẹ́ẹ́. Dìde, jẹ́ ká lọ sílé. Màmá ti tẹ́ ẹní."

Ó ṣe é bí ẹni pé ẹ̀ka náà wúwo sí i. Ó gbójú sókè. Bàbá arúgbó náà gbé kámẹ́rà sójú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí etí ọ̀gbun. Hlengiwe wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin. Bàbá náà jìnnà ju kí Bhekuyise sáré lọ dì í mú.

"Bàbá, ẹ dúró," ni Bhekuyise ké.

Bàbá náà dúró. Òkúta kan ṣí lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó yí lọ, wọn kò sì gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Bhekuyise tún ẹ̀ka dè mọ́ ìjókòó. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ ti ba ìpè náà jẹ́, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀ sí ìjókòó náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "A ti kúrò ní kọ́nà. Odò rèé, a fẹ́ sọdá."

"Ṣé inú ń bí dírẹ́bà sí mi ni?" ni bàbá arúgbó náà béèrè.

"Rárá, sà," ni Hlengiwe dáhùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Àbúrò rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀."

Nígbà tí Bhekuyise dé ilé, MaShezi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba ẹ̀ka.

"Màmá, mo sọ̀rọ̀."

"Sí ta ni?"

"Àlejò kan, àgbàlagbà. Díẹ̀ ló kù kó já sí ọ̀gbun."

MaShezi sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ó dúró?"

"Ó dúró."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì èjìká rẹ̀, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó iwájú, ó fọwọ́ tẹ́ gbogbo etí rẹ̀ dáadáa.

"Tí wọ́n bá tún ṣí ọ̀nà," ó ní, "mú èyí dání fún àbúrò rẹ."

Lókè lọ́hùn-ún, òkè ti ń funfun.