Ìjókòó Ìyá Ìyàwó

Túndùn ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì ọkọ̀ akérò kan ní Kakuri. Iṣẹ́ náà kò le. Èrò yóò yan ìjókòó, yóò sanwó, kọ̀ǹpútà yóò ti ìjókòó náà mọ́ àwọn ẹlòmíràn, ìwé yóò sì jáde. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já kí ìwé tó jáde, kọ̀ǹpútà á fagi lé gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò rà á rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n máa ní sùúrù títí ìwé yóò fi jáde.

Lọ́sàn-án Alàmísì kan, Alhaja Ṣẹ̀fíátù wá láti Kabala Costain. Ìlọrin ló ń lọ. Láàárọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ so yìgì Ilham, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ọmọ mi, wá ìjókòó tó dáa fún mi o," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá ìyàwó ni mí."

Ó sanwó, Túndùn sì yan ìjókòó fún un, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. Ebi ń pa Túndùn, kò fẹ́ dúró. Ó fi bírò kọ nọ́ńbà ìjókòó náà sórí ìwé pélébé, ó lu òǹtẹ̀ sí i.

"Ó ti parí, Alhaja. Ẹ tètè dé láàárọ̀ ọ̀la."

Ó lọ jẹun. Kò padà wo kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí ọ́fíìsì wọn ní Narayi fi ta ìjókòó kan náà fún ọkùnrin kan, nítorí kọ̀ǹpútà fi hàn pé ó ṣófo.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ọkọ̀ kún. Orúkọ ọkùnrin náà wà nínú kọ̀ǹpútà, ti Alhaja kò sí. Awakọ̀ ní kí Alhaja sọ̀kalẹ̀. Kò sí ọkọ̀ míràn tó ń lọ Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá Àbáyọ̀mí, tó ń darí gáréèjì, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ má bínú, Alhaja. Ẹ̀rọ ló ṣe é."

Túndùn gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Alhaja jókòó sórí báàgì rẹ̀, ó ń pe Ìlọrin lórí fóònù. Kò pariwo rárá. Ìyẹn ló dun Túndùn jù.

Ọkọ̀ Sátidé ni Alhaja bá lọ. Kó tó dé, wọ́n ti so yìgì tán.

Láti ìgbà náà, bí èrò kan bá ti pe Túndùn ní "ọmọ mi", á rántí Alhaja lórí báàgì yẹn. Nígbà tó gbọ́ pé Alhaja ti padà dé láti Ìlọrin, ó wá ilé rẹ̀ lọ.

"Alhaja, kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi ni. N kò dúró kí ìwé jáde. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ ni, mo sì dákẹ́."

Alhaja gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí Ilham ló jókòó sí àyè mi," ó wí. "Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà ń wò títí wọ́n fi ṣe tán."

Túndùn kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí."

"Ẹ̀rọ ni mo ti ń bínú sí. Ìyẹn rọrùn. Fún mi láyè ná." Ó fà á dìde. "Ṣùgbọ́n lọ sọ fún ọ̀gá rẹ. Ó yẹ kó mọ̀."

Túndùn wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Kakuri. Ọ̀gá Àbáyọ̀mí gbọ́ ọ tán, ó yọ ọ́ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kó máa bá wọn to ẹrù sínú ọkọ̀. Túndùn kò jiyàn. Kí Túndùn tó kúrò nílé Alhaja lọ́jọ́ yẹn, ó ti fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó lè pè é bí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀. Títí di òní, Alhaja ò tíì pè é.